Seo-ul ni, kì í ṣe Se-oul

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gé orúkọ olú-ìlú Kòríà Gúúsù síbi tí kò yẹ. Seo ni sílébù àkọ́kọ́, ul ni ìkejì. E àti o tó wà níbẹ̀ kì í ṣe fáwẹ̀lì méjì. Ìró kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbé, ìró náà sì súnmọ́ ọ tiwa dáadáa. Ará Kòríà ní o, ó tún ní ìkejì rẹ̀ yìí, kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Son ni ọwọ́, seon ni ìlà. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé ẹni tó kọ́lé yàtọ̀ sí ẹni tó kólé kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hangul, ìlànà ìkọ̀wé Kòríà tí Ọba Sejong gbé jáde fún aráàlú ní 1446, ní lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìró méjèèjì. Lẹ́tà Látìn kò ní. Nínú ìlànà fífi lẹ́tà Látìn kọ èdè Kòríà tí George McCune àti Edwin Reischauer gbé jáde ní 1939, wọ́n fi àmì kékeré kan tó rí bí abọ́ lé o lórí: ŏ. Ọgbọ́n gidi ni, bí àmì tí àwa fi sábẹ́ ọ. Ohun tó sì ń ṣe àmì tiwa ló ṣe tiwọn: kò sí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tó ń kánjú kò kà á sí, ó sì já bọ́. Ọ̀nà kejì rélùwéè Seoul, tó yí po bí òrùka, ní ibùdó kan níwọ̀-oòrùn tó ń jẹ́ Sinchon. Ní òdìkejì ìlú, Sincheon wà. Bí àmì bá ti já, orúkọ kan náà ni. Ní 2016, wọ́n sọ ìkejì di Jamsilsaenae.

Ní 2000, ìjọba Kòríà Gúúsù pa àmì náà tì, ó sì fi e ṣáájú o. Nínú ìlànà tuntun yìí kan náà, ìlú Pusan di Busan. Lẹ́tà kì í já bọ́ bí àmì, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìlànà yìí wà. Àwọn tó ń ráhùn pé eo kò bá bí òyìnbó ṣe ń kàwé mu kò rò ó jinlẹ̀. P Yorùbá náà kò bá a mu, ẹni tó bá sì fẹ́ pe Ẹ̀pẹ́ ló máa kọ́ ọ.

Ibi tó dùn jù ni pé ohun tí ẹnu sọ ni ìlànà náà ń kọ, kì í ṣe ohun tí Hangul kọ. Ìjọba àtijọ́ kan wà tí Hangul kọ orúkọ rẹ̀ bíi sin àti ra, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní Sinra. Bí n bá pàdé r, ẹnu á sọ méjèèjì di l: Silla. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀. Ní pàdé owó, ó di lówó. N tiwa náà ti di l. Àwa kàn ń kọ ọ́ bí ẹnu ṣe pè é ni. Hangul fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ojú lè rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Nígbà míì, ọ̀nà ibòmíràn ló ń gbà: òpópónà tí wọ́n kọ bíi jong àti ro, Jongno ni wọ́n ń pè é, r ló di n níbẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà àbọ̀ kò sí. Ẹni tó bá rí Silla lásán kò lè mọ̀ bóyá sin àti ra ni, tàbí sil àti la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè fi ń lo ìlànà Yale, tó ń tẹ̀lé lẹ́tà Hangul ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, Sinla ni, torí lẹ́tà Hangul kan ṣoṣo ló dúró fún r àti l.