Agbára ìlọ́: ohun tó ya díríìlì oníbátìrì sọ́tọ̀ sí oníwáyà nídìí sùkúrù

Ẹ fi díríìlì oníwáyà yí sùkúrù wọ pákó wò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, yálà orí sùkúrù ti rì wọnú pákó, tàbí kí bíìtì, irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń wọ ojú sùkúrù, ti ta kúrò lójú rẹ̀, kó sì ti jẹ ojú náà di ihò róbótó tí nǹkan kan ò lè dì mú mọ́. Ẹ̀rọ náà lágbára o. Eré rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Díríìlì oníwáyà tó wọ́pọ̀ lọ́jà, bíi ti 600 wáàtì, jíà kan ṣoṣo ló máa ń ní, ó sì lè yí tó ìgbà 2,800 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ihò lílu ni wọ́n ṣe é fún. Agbára ìlọ́ ni sùkúrù ń fẹ́, ìyẹn ipá tí a fi ń lọ́ nǹkan. Nm (niutini-mítà) ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí. Ẹ mú sípánà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn ní mítà kan, kí ẹ so ẹrù kílò 10 rọ̀ sí ìparí rẹ̀: ó kù díẹ̀ kó pé 100 Nm. Díríìlì oníbátìrì tó dáa máa ń ní 40 sí 60. Inú jíà ló ti ń rí i. Ní jíà 1, eré rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 400 sí 500 ní ìṣẹ́jú. Eré tó fi sílẹ̀ yẹn ló fi ra ìlọ́. Jíà 1 ni ti sùkúrù, jíà 2 ni ti ihò.

Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kíláàṣì, òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà 1 dé nǹkan bí 20 sí lára, lẹ́yìn ibi tí bíìtì ń wọ̀. Bí sùkúrù bá ti le dé ìwọ̀n tí ẹ fi òrùka sí, ẹ̀rọ á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bíìtì á sì dúró. Fún híńjì kábíńẹ́ẹ̀tì lára MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2 tàbí 3. Fún pákó, ẹ dán 5 wò lára àfọ́kù, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé e títí orí sùkúrù yóò fi bá ojú pákó dọ́gba. Àwòrán bíìtì tó wà nípẹ̀kun òrùka ń pa kíláàṣì náà ni. Ẹ má fi yí sùkúrù kékeré. Díríìlì oníwáyà kò sábà ní kíláàṣì yìí rárá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni ti ẹ̀rọ. Ẹ wo ojú sùkúrù dáadáa: bí ìlà tín-ín-rín mẹ́rin bá wà láàárín ẹsẹ̀ àgbélébùú rẹ̀, bíìtì tí wọ́n kọ PZ2 (Pozidriv) sí lára ló ń gbà. Bí kò bá sí, bíi ti sùkúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan síìlì, ti PH2 (Phillips) ni. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn á ba ojú sùkúrù jẹ́. Nínú ìrókò tàbí àpá, ẹ kọ́kọ́ fi bíìtì 3 mm lu ihò fún sùkúrù 4 mm, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè ṣẹ́ sínú igi.

Ní ti bátìrì, ẹ má jẹ́ kí “48VF” tàbí “88VF” tó wà lára ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tàn yín. Ẹ tú u, sẹ́ẹ̀lì márùn-ún lẹ sábà máa bá níbẹ̀. 3.6 fóòtì lọ́nà márùn-ún jẹ́ 18. Bó bá kún, 4.2 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 21. Ọ̀kan náà ni 18V àti 21V. Ah (áńpíà-wákàtí) ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó: 18V tó jẹ́ 2Ah ní 36 wáàtì-wákàtí. Ohun tó ń jẹ 600 wáàtì láìdánu dúró á gbẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi ṣì ní ipò tirẹ̀: kọnkéré lílu, ọ̀dà pípò.

Oníwáyà kan wà tí wọ́n ṣe fún sùkúrù gan-an, ti àwọn tó ń kan bọ́ọ̀dù síìlì. Imú rẹ̀ ló ń díwọ̀n bí sùkúrù yóò ṣe wọlé tó, bíìtì rẹ̀ kì í sì í yí àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí iná bá wà, tó sì jẹ́ síìlì láàárọ̀ dalẹ́, òun ni kẹ́ẹ mú.

Ẹ ra bátìrì méjì. Èyí tó bá gbóná látẹnu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ẹ tó gbé e sórí ṣájà. Bó bá máa pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi í pa mọ́ ní ààbọ̀ iná, níbi tí oòrùn ò dé.