Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn bá yí ẹ̀yà character rẹ̀ padà nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Láàárín àwọn tó ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́, látorí akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó ń ṣọ́ òru nítorí dátà òru títí dé òṣìṣẹ́ tó ń gbé laptop bọ̀ láti Alágbàkà, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú tí character bá ti dàgbà: ṣé ó lè di ẹ̀yà míì láìjẹ́ pé èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní? Ó ṣeé ṣe nínú World of Warcraft, ó ṣeé ṣe nínú Final Fantasy XIV àti Elder Scrolls Online. Nínú Guild Wars 2, kò ṣeé ṣe, kò sì sí iye tí èèyàn lè san tí yóò mú un ṣeé ṣe. Bí wọ́n ṣe tò àkọsílẹ̀ character sórí server ló fa ìyàtọ̀ náà.

Character tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà kò sí nínú kọ̀ǹpútà yín. Àkọsílẹ̀ ni, lórí server ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù: orúkọ, ẹ̀yà, class (irú iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìjà), akọ tàbí abo, ìrísí, ìpele, owó, ẹrù inú àpò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ ẹ̀yà. Nínú World of Warcraft, Human ni 1, Orc ni 2, Dwarf ni 3, Night Elf ni 4, Undead ni 5, Tauren ni 6, Gnome ni 7, Troll ni 8. Ká ní nọ́ńbà yìí nìkan ni wọ́n fẹ́ yí ni, kíá ni ì bá parí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti so mọ́ ọn. Bíi fáìlì òṣìṣẹ́ ìjọba ló rí: ẹ lè fi báírò fa ìlà sí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ síwájú fáìlì, kí ẹ kọ òmíràn sí i, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó wà nínú fáìlì tó ti dárúkọ ti àtijọ́ ṣì ń dúró de àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú Undead kan tó fẹ́ di Troll, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Server yóò yí 5 sí 8. Lẹ́yìn náà ni yóò gba agbára àbínibí Undead lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá Will of the Forsaken, èyí tó ń tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù, oorun àti èèdì, yóò sì fún un ní Berserking ti àwọn Troll, tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ yá fún ìwọ̀nba àáyá. Èdè náà á yí padà: Gutterspeak á lọ, Zandali á dé, Orcish tí gbogbo Horde, ọ̀kan nínú ìhà méjì tó wà nínú géèmù náà, ń sọ á dúró síbi tó wà. Iyì tó ní lọ́dọ̀ ìlú rẹ̀ àtijọ́, Undercity, àti èyí tó ní lọ́dọ̀ àwọn Darkspear Troll yóò wá gba ipò ara wọn. Ibí yìí ló ti máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó ti fi oṣù mélòó kan wá iyì lọ́dọ̀ Darkspear yóò rí i pé ọ̀dọ̀ Undercity ni iyì náà bọ́ sí. Kò sọnù, àyè ló pààrọ̀.

Ìpele, owó, ohun ìjà, ẹ̀wù àti class kì í yí padà. Class gan-an sì ni ẹnubodè àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló lè ṣe gbogbo class, server kò sì ní í jẹ́ kí ẹ yan ẹ̀yà tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí character yín ń ṣe. Night Elf tó jẹ́ Druid lè di Worgen, kò lè di Gnome. Draenei tó jẹ́ Shaman lè di Dwarf, kò lè di Human. Evoker kò níbi tí yóò lọ rárá, nítorí Dracthyr nìkan ló lè ṣe é. Ní ti Mage, Priest, Rogue àti Warlock, Blizzard, ilé-iṣẹ́ tó ni World of Warcraft, ṣí wọn fún gbogbo ẹ̀yà láàárín 2022 sí 2023, àyàfi Dracthyr nígbà náà, nítorí náà àtẹ àtijọ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lè ti di irọ́.

Ẹnubodè kejì ni ìhà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Race Change, $25, kì í mú character kúrò nínú Alliance tàbí Horde tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí Human òun di Orc gbọ́dọ̀ ra Faction Change, $30, èyí tí yíyí ẹ̀yà padà ti wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí èèyàn ra ti $25, kó ṣí àkójọ ẹ̀yà, kó wá rí i pé ẹ̀yà tí òun ń wá kò sí níbẹ̀. Pandaren lè wà ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ Race Change di Faction Change. Ní ti àwọn allied race, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi kún géèmù lẹ́yìn, bíi Void Elf àti Nightborne tí wọ́n dé ní 2018, ọ̀pọ̀ wọn ní iṣẹ́ tí àkáǹtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí kí wọ́n tó ṣí. Owó Race Change kì í ṣí wọn.

Tó bá jẹ́ ojú, irun, àwọ̀ ara, tàbí akọ tàbí abo nìkan lẹ fẹ́ yí, ẹ má san dọ́là kankan. Láti 2020, ilé onígbàjámọ̀ inú géèmù ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ó yani lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń san $25 nítorí irun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro. Character gbọ́dọ̀ ti dé ìpele 10 ó kéré tán. Ẹ jáde kúrò nínú géèmù dé ojú ibi tí ẹ ti ń yan character, ẹ ṣí Shop, ẹ ra iṣẹ́ náà, ẹ fi lé character tí ẹ fẹ́. Àkójọ ẹ̀yà á ṣí, ẹ ó yan ọ̀kan, ẹ ó tún ojú rẹ̀ ṣe, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Ṣáájú kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kò tíì sí ohunkóhun tó yí padà lórí server. Tí iná bá lọ ní àkókò yìí, tí router náà sì kú, ohun tí ẹ ti san owó rẹ̀ ń dúró dè yín níbẹ̀. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i kí iná tó lọ, server ti ń ṣe tirẹ̀ níbi tó wà, kò nílò jẹnẹrétọ̀ yín. Ohun tó yẹ kí ẹ sá fún ni wákàtí àtúnṣe server: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Amẹ́ríkà, àárọ̀ ọjọ́rú ni ti Yúróòpù. Tí iṣẹ́ náà bá sì ti parí, ọjọ́ mélòó kan gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè tún ra òmíràn fún character kan náà.

Faction Change ní ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Àpótí lẹ́tà gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọjà tàbí owó kankan kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní ilé gbàǹjo. Olórí guild (ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń gbá géèmù) gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ipò fún ẹlòmíì. Quest (iṣẹ́ tí géèmù gbé fún yín) tí ẹ kò tíì parí á pòórá, ẹ parí èyí tó bá ṣe pàtàkì sí yín. Àwọn ohun ìgùn tó jẹ́ ti ìhà kan ṣoṣo á di irú wọn ní ìhà kejì. Tí bọ́tìnì náà bá ṣókùnkùn tí kò ṣeé tẹ̀, àpótí lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́tà òfìfo kan péré tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé pẹ̀lú ẹ̀yà tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí yóò jọ pé ó bà jẹ́ ni macro, ìyẹn àṣẹ kúkúrú tí ẹ kọ sórí bọ́tìnì. Macro kì í mọ̀ pé ẹ̀yà ti yí padà. Èyí tí wọ́n kọ /cast Will of the Forsaken sí máa dúró síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò sì ní í ṣe nǹkan kan. Ẹ fi orúkọ agbára tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fa agbára náà láti inú ìwé Spellbook wá sórí bọ́tìnì. Addon, ètò kékeré tí ẹ fi kún géèmù, kì í ní wàhálà tí orúkọ character kò bá yí. Tí ẹ bá yí orúkọ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ètò addon á jọ pé ó nù, nítorí inú fódà WTF ni wọ́n ń kó wọn sí, lábẹ́ orúkọ server àti orúkọ character. Ẹ pa géèmù, ẹ ṣe ẹ̀dà fódà orúkọ àtijọ́, ẹ fi orúkọ tuntun sọ ẹ̀dà náà. Àwọn addon kan tún ń kọ orúkọ character sínú fáìlì tiwọn, ẹ ó mú profile ti àwọn yẹn láti inú àkójọ addon fúnra rẹ̀.

Owó sísan lọ̀rọ̀ tó máa ń le jù níbí, ju géèmù gan-an lọ. Káàdì náírà míì kì í san dọ́là rárá, òmíràn ní iye tí kì í kọjá lóṣù. Ẹ bi báǹkì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kí èèyàn máa tẹ káàdì tó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún lè mú kí wọ́n dá ríra ọjà dúró lórí àkáǹtì náà. Orílẹ̀-èdè tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá ti káàdì mu, kí ẹ sì pa VPN tí ẹ bá ń sanwó. Ọ̀nà míì wà fún ẹni tó ní góòlù púpọ̀ nínú géèmù: níbi tí àkáǹtì bá ti gba WoW Token, ẹ lè fi góòlù rà á, kí ẹ sọ ọ́ di owó inú Battle.net, àkáǹtì tí ẹ fi ń ra ọjà Blizzard. Lórí server Amẹ́ríkà, Token kan ń di $15, nítorí náà méjì gbé Faction Change géérégé, ó sì ju Race Change lọ ní $5. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é ní ẹ̀dínwó, kí ẹ ṣáà fún òun ní password, ẹ má dá a lóhùn. Káàdì olè ni irú wọn sábà máa ń lò, tí oní-káàdì bá sì gba owó rẹ̀ padà, àkáǹtì yín ni wọ́n máa tì pa.

Final Fantasy XIV rọrùn jù báyìí lọ, nítorí wọn kò so class mọ́ ẹ̀yà. Ẹ̀yà èyíkéyìí lè ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí. Ìgò kan tí wọ́n ń pè ní Phial of Fantasia ni wọ́n ń lò. Ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́, ẹ ó gbà á tí ẹ bá parí quest The Ultimate Weapon. Ẹ mu ún, ẹ jáde sí ibi yíyan character, ẹ tún un dá. Orúkọ nìkan ni kì í yí. Wọ́n ti fi wákàtí kan kún un báyìí tí ẹ fi lè padà lọ tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, nítorí ojú tó dára níbi tí wọ́n ti ń dá character lè burú lábẹ́ oòrùn inú géèmù. Ẹni tí kò fẹ́ fi ìgò ṣòfò lè lo benchmark ọ̀fẹ́ (ètò tí wọ́n fi ń dán agbára kọ̀ǹpútà wò) tí Square Enix, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, gbé jáde, kó dá character níbẹ̀ kó sì fi ìrísí rẹ̀ pamọ́ fún ìlò nínú géèmù. Kí ẹni tó fẹ́ di ẹ̀yà Viera tàbí Hrothgar mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fìlà kì í hàn lórí wọn. Tó bá jẹ́ irun nìkan, aesthetician, onígbàjámọ̀ ibẹ̀, ń gba 2,000 gil, owó inú géèmù náà.

Nínú Elder Scrolls Online, token ni, 3,000 crowns (owó tí wọ́n ń ná ní ṣọ́ọ̀bù géèmù náà), ojú ibi yíyan character ni wọ́n ti ń lò ó. Point tí ẹ fi sínú agbára àbínibí àtijọ́ á padà sọ́wọ́ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín tún un pín. Ẹni tó bá gbàgbé á máa jà láìní agbára ẹ̀yà kankan, á sì máa rò pé ẹ̀yà tuntun náà ni kò dáa.

Ní ti Guild Wars 2, tó jáde ní 2012, ìtàn ara ẹni ló dì í mú. Asura, Charr, Human, Norn àti Sylvari, ìtàn tí kálukú fi bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, ohun tí ẹni tó ń gbá a sì yàn nígbà tó ń dá character ló ń pinnu àwọn tí yóò bá pàdé àti iṣẹ́ tí wọn yóò gbé fún un. Kí Charr tó lè di Sylvari, server gbọ́dọ̀ wá ìtàn mìíràn fún un, kó sì pinnu ibi tó yẹ kó ti dé nínú rẹ̀. Total Makeover Kit tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ju ojú àti ara lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yà míì á dá character tuntun.