Ayọ̀ ń ké àgò, ṣé onílé wà nílé?

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù nídìí iṣẹ́ ìdámọ̀ràn tí mò ń ṣe yìí, kì í ṣe pé ìyà ń jẹ èèyàn tàbí pé ó ń ṣàìsàn, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "kò kàn sí nǹkan tó ń dùn mọ́ mi mọ́ ni." Iṣẹ́ wà o, ọmọ wà, ara le, síbẹ̀ òní ò yàtọ̀ sí àná, wọ́n á jí, wọ́n á sáré sókè sódò, ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á sùn. Bàbá kan tó wá bá mi sọ ọ́ báyìí, ó ní "Àǹtí, ó ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíì ló ń bá mi lo ayé mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, ni mo bá ní kó sọ gbogbo ohun tó ṣe fún mi látìgbà tó ti wọlé lálẹ́ àná, kó má fo nǹkan kan.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun wọlé, òun jókòó, òun ń dá àwọn èèyàn lóhùn lórí WhatsApp, ni ọmọ òun ọmọ ọdún 4 bá mú bébà kan wá, ó ń sọ pé "Dádì, ẹ wò ó, ẹ wò ó", òun ní "ó dáa, ó rẹwà" láì gbójú sókè. Mo ní, kí ni ọmọ yẹn yà síbẹ̀? Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó rántí gbogbo ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí nínú gúrúùpù yẹn o, ó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ bú ẹnì kejì, ṣùgbọ́n bóyá ilé lọmọ ẹ̀ yà ni o, bóyá ẹyẹ ni, kò mọ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi, torí bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ méjì kan ní yunifásítì Harvard lÁmẹ́ríkà, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert, gbé ìwádìí kan jáde tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ṣe é. Fóònù á kàn dún nígbà téèyàn ò retí ẹ̀, á bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́, kí ló ń rò, báwo sì ni inú ẹ̀ ṣe rí. Àwọn tó dáhùn lé ní 2,200. Tí wọ́n bá bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé ara wà níbí, ọkàn wà lọ́hùn-ún. Ìgbà tí ọkàn bá sì ti rìn lọ báyẹn, inú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn, kódà nígbà tó jẹ́ nǹkan dáadáa ni wọ́n ń rò, inú wọn ò dùn ju ti ẹni tí ọkàn ẹ̀ wà nídìí ohun tó ń ṣe. Èyí ló jẹ́ kí n jáwọ́ nínú sísọ fún èèyàn pé kó lọ máa wá ayọ̀. Wá a lọ síbo? Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ké àgò, onílé ni ò sí nílé.

Ẹlòmíì á ní tówó ńlá bá wọlé, gbogbo ẹ̀ á yí padà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wádìí èyí lọ́dún 1978, wọ́n lọ bá àwọn tó jẹ lọ́tìrì, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí ò jẹ. Inú àwọn tó jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju tàwọn yòókù lọ, àwọn nǹkan kéékèèké bíi kéèyàn bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kó gbọ́ àwàdà, kí wọ́n yìn ín, kò tiẹ̀ wá dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn tí ò jẹ. Àwọn tó jẹ lọ́tìrì náà ò ju 22 péré lọ o, torí náà mi ò ní fi búra, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mò ń rí mu. Ojú máa ń tètè mọ́ra, ohun téèyàn gbààwẹ̀ lé lórí lánàá, tó bá ti fi ọwọ́ bà á, láìpẹ́ kò ní rí i mọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń fún èèyàn ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ mú nǹkan kan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ ṣe é bíi pé ẹ ò ṣe é rí. Ẹ jẹ́ ká mú ọwọ́ fífọ̀. Ẹ ṣí omi, ẹ jẹ́ kó dà lé yín lọ́wọ́, ṣé ó tutù ni àbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ wo bó ṣe ń gba àárín ìka kọjá, bí ọṣẹ ṣe ń yọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, bó ṣe ń hó, ẹ gbọ́ ìró ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọkàn á fi sá lọ bá gbèsè, á lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹ má bá a jà, ẹ kàn rọra fà á wá sídìí omi padà. Ìgbà tó bá sá lọ tẹ́ ẹ wá fà á padà yẹn gan-an niṣẹ́ náà, kì í ṣe pé ẹ ti kùnà. Mo sọ èyí torí ọ̀pọ̀ máa ń pa á tì lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Tí àyà yín bá ń já tàbí tí inú ń bí yín, ẹ fi mímí kún un: ẹ mí sínú, ẹ ka 4, ẹ mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ka 6, bíi ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Iṣan kan wà tí wọ́n ń pè ní vagus tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn, tá a bá ń mí jáde ó máa ń jẹ́ kí ìlù ọkàn dẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí mímí jáde gùn ju mímí sínú lọ. Kò ní gba ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ yìí dùn sí jù lójú tèmi ni àárín àwa àtàwọn èèyàn wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́. John Gottman, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń bára wọn gbé, rí i pé àwọn èèyàn máa ń pe ara wọn láì dárúkọ ìpè. Ẹnìkan á ní "wo bí òṣùpá ṣe mọ́lẹ̀", òṣùpá kọ́ ló ń sọ o, ohun tó ń sọ ni pé wá bá mi dúró díẹ̀. Ó wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ó padà wá wò wọ́n lẹ́yìn ọdún 6. Àwọn tó ṣì wà pa pọ̀, nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀ 100, wọ́n dáhùn 86. Àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀, 33. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni ra nǹkan kan, wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni rìnrìn àjò, kéèyàn ṣáà gbójú sókè ni.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀, ẹ kí i, ẹ bi í ní nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dùn ju bá a ṣe rò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Mi ò ní kẹ́ni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa fi tipátipá rẹ́rìn-ín, kó sunkún tó bá fẹ́ sunkún. Tó bá sì ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ohunkóhun ò dùn mọ́ yín, tẹ́ ẹ ò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wù yín, tàbí tí èrò ikú ń wá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọwọ́ fífọ̀, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dúró. Tí èrò ikú bá ti wọ̀ ọ́, ẹ má tiẹ̀ ka ọ̀sẹ̀ rárá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún ẹnìkan. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Bàbá ọjọ́sí padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yọ bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ń fọwọ́ na àwọn ibi tó ti hun. Róbótó kan ló wà níbẹ̀, ojú méjì, ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ. Ó ní òun fi fóònù sí yàrá, òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, òun bi í pé ta lèyí, ó ní "Ẹ̀yin ni, Dádì." Òun ní ọwọ́ mi dà? Ó ní "Mi ò tíì dé ibẹ̀ ni, ẹ dúró."

Ó ní òun dúró.