Áàpù Ní Kó Bọ́ Síbí, Ọta Bọ́ Sísàlẹ̀: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè: Ní 100 mítà, ọta mi ń wọ ojú ibi tí mo fojú sùn gan-an. Ní 900 mítà, áàpù tó ń ṣírò bí ọta ṣe máa rìn ní kí n yí awò ìbọn sókè ní mil 8 (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀nà tó wà láàárín ìbọn àti bébà). Mo yí i, síbẹ̀ ọta ń fi sẹ̀ǹtímítà 36 bọ́ sísàlẹ̀. Ṣé ìṣirò áàpù ni kò dáa?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ bá fún áàpù ló máa fi ṣírò. Mil 0.1 ní 900 mítà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, nítorí náà mil 0.4 ló dín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti sáré dín eré ọta kù nínú áàpù títí ìṣirò á fi bá ihò ara bébà mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Awò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ fa ìlà sórí bébà gígùn kan, kí ẹ fi okùn tí ẹ so nǹkan wúwo mọ́ wò ó kó lè dúró ṣánṣán. Ẹ gbé e sí 100 mítà, kí ẹ fi téèpù wọn ọ̀nà náà dájú. Ẹ yìnbọn sí ìsàlẹ̀ ìlà, ẹ yí awò sókè ní mil 10, kí ẹ tún yìnbọn, ojú ibi kan náà ni kí ẹ sì fojú sùn. Ó yẹ kí ihò kejì fi sẹ̀ǹtímítà 100 ga ju ti àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 98, awò yín ń jẹ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú mil 8 tí ẹ yí, mil 0.16 ti lọ nìyẹn, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 14 ní 900 mítà. Kò sí iye eré tó lè wo àìsàn awò sàn.

Ìbéèrè: Awò mi pé. Èwo ni kí n wá yí padà, eré ọta ni àbí BC?

Ìdáhùn: BC ni iye tó ń sọ bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Àṣìṣe inú eré máa ń hàn kí ọta tó jìnnà púpọ̀. Ti BC máa ń sá pa mọ́ nítòsí, á wá le bí ọta ṣe ń rọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yìnbọn níbi tí ọta ṣì ń sáré ju ìró lọ dáadáa, kí ẹ tún eré nìkan ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sún sẹ́yìn dé ibi tí eré rẹ̀ ti ń sún mọ́ ti ìró, nǹkan bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ tún BC ṣe. Ihò kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ yin mẹ́wàá, kí ẹ mú àárín wọn.

Bí ẹ̀rọ bá wọn eré lẹ́nu ìbọn sí 820 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí áàpù ń bèèrè 780 kó tó bá bébà mu, ẹ dúró. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ṣírò BC ni G1 àti G7, iye wọn kò sì dọ́gba. Ẹ wò ó bóyá ẹ kọ BC ti G1 sí àyè G7.

Ìbéèrè: Ojú ọjọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí àwọn aṣàsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń kéde, wọ́n ti ṣe é bí ẹni pé etí òkun ni gbogbo wa wà. Lórí òkè tó ga tó 1,500 mítà, ti ibi tí ẹ dúró lè jẹ́ nǹkan bíi 845 hPa, kí ìkéde sì máa pe 1013. Bí ẹ bá fún áàpù ní 1013 láìsọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó, ọta yín á máa lọ sókè. Ọ̀rinrin kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipa. Ẹ̀tù ni kí ẹ ṣọ́: tó bá gbóná, eré ọta lè pọ̀ sí i. Nígbàkígbà tí ẹ bá wọn eré, ẹ kọ ìwọ̀n ìgbóná ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.