Ohun tí ooru ń ṣe fún òòfà àti kọ́ìlì inú sípíkà

L'Ójúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, sípíkà tó ń mì títì láàárọ̀ lè dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó bá di ọ̀sán. Wọ́n á ní ó ti rẹ ampilifáyà. Ampilifáyà ò ṣe nǹkan kan lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ́ìlì ló ti gbóná.

Kọ́ìlì ni wáyà kọ́pà tín-ín-rín tí wọ́n wé sí ìdí pépà sípíkà, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú àlàfo tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà. Nínú 100 wáàtì tó bá wọ ibẹ̀, díẹ̀ péré ló ń di ohùn, ìyókù di ooru. Bí kọ́pà bá sì ṣe ń gbóná sí i ni kì í fẹ́ jẹ́ kí iná kọjá mọ́, nǹkan bí 0.4 nínú 100 fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì tí mítà kà sí 6 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà) ní 20°C á ti lé ní 10 ohm bó bá dé 200°C. Iná tó ń wọlé á dín kù, ohùn á rẹlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni DJ máa ń yí fólúùmù sókè, tó ń bu epo sí iná.

Ooru yẹn ò dúró sára kọ́ìlì. Ó ń ràn mọ́ òòfà. Òòfà dúdú wúwo tí wọ́n ń pè ní ferrite ń pàdánù nǹkan bí 0.2 nínú 100 agbára rẹ̀ fún dígírì kan, ṣùgbọ́n bó bá tutù, agbára náà á padà. Òòfà neodymium, tó wà nínú sípíkà fúyẹ́ ìgbàlódé, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ò yẹ kó ju 80°C lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, apá kan nínú agbára tó bá lọ kì í padà, bó tilẹ̀ tutù bíi yìnyín. Ní nǹkan bí 310°C, ó ti di irin lásán.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí sípíkà tutù, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí mítà ò bá kà rárá, kọ́ìlì ti já. Bí pépà bá ń ha nígbà tí ẹ rọra fọwọ́ tì í, kọ́ìlì ti wọ́. Bó bá ka 6 ohm, tí pépà kò ha, síbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kéré sí ti èkejì rẹ̀ lórí ampilifáyà kan náà, òòfà ni kí ẹ fura sí. Kọ́ìlì tuntun ò lè wo ìyẹn sàn.

Ihò tó wà lẹ́yìn òòfà, afẹ́fẹ́ ló wà fún: ẹ má fi tapólì bò ó nítorí òjò, kí ẹ sì gbé àpótí dúdú kúrò lójú oòrùn.