Farmville ni Orísun Ìṣirò Owó Ìdílé ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà

Bí a bá to gbogbo ìdílé tó wà ní káúńtì kan (ìpín kan lábẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà) lẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kéré jù lọ dé orí èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù lọ, owó ìdílé tó bọ́ sí àárín gan-an ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ará ibẹ̀. Wọn kì í lo ìpíndọ́gba, nítorí olóko ńlá kan ṣoṣo lè mú kí ìpíndọ́gba ròkè nígbà tí ebi ń pa àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbà pé ìkànìyàn ọdún 1940 ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Farmville, ní Prince Edward County ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni mo gbà pé ó ti ṣẹ̀ wá, ní ọdún 1897, láti ọwọ́ W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó gba oyè rẹ̀ ní Harvard ní ọdún 1895.

Ìlú ọjà tábà ni Farmville nígbà náà, ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko ń gbé ewé tábà wọn wá tà. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ọdún náà, Du Bois gbé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ohun tó ń wọlé fún wọn. Iṣẹ́ ilé ìṣẹ́ tábà kì í lọ yípo ọdún, nítorí náà ẹni tó bá sọ owó-ọ̀yà ọ̀sẹ̀ kan di ìlọ́po méjìléláàádọ́ta yóò tan ara rẹ̀ jẹ. Èrò tèmi ni pé ìṣòro yìí gan-an ló mú kí ó fi owó ọdún kan gbáko ṣe òṣùwọ̀n. Ó pín ìdílé 262 sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí owó wọn, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì tẹ ìròyìn náà jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1898. Ẹni tó bá mú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò kàn máa ro àwọn ìpele pọ̀ láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi kan ìdílé 131 àti 132, àárín ti dé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń wá àárín láti inú ìpele títí di òní náà nìyí.

Ta ni a ó kà sí ìdílé? Du Bois ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: àwọn òbí àti gbogbo ọmọ tí wọ́n bí; àwọn òbí àti ọmọ tó ṣì wà láyé; àti gbogbo àwọn tó ń gbé pọ̀ bí ìdílé nínú ilé kan, ìbáà jẹ́ ẹbí tàbí àlejò. Ẹ̀kẹta yìí ló bá ìṣirò owó mu jù. Yorùbá á tètè lóye rẹ̀, nítorí ìdí àti ilé ni a so pọ̀ tí a fi rí ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé di agboolé, síbẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ inú agboolé kan lè tó márùn-ún. Bí a bá ka agboolé dípò ìkòkò, owó àárín yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là sí i.

Àwọn kan yóò dárúkọ ẹni tó ṣáájú Du Bois, David Davies, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ ìnáwó àwọn lébìrà oko jáde ní ọdún 1795. Tálákà nìkan ló kọ́ nípa wọn, àárín tálákà nìkan kò sì lè sọ bí nǹkan ṣe rí fún gbogbo ará ìlú. Ìdílé òṣìṣẹ́ 397 tí Massachusetts ṣe ìwádìí wọn ní ọdún 1875 kò yàtọ̀ sí èyí. Òtítọ́ ni pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni Du Bois kà, ṣùgbọ́n olówó àti òtòṣì wọn ló kà.

Ní ọdún 1906 ó tún lọ sí Lowndes County ní Alabama, òun pẹ̀lú àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Monroe Work àti R. R. Wright kékeré, wọ́n sì ṣe ìwádìí ìdílé tó lé ní 6,000. Ìjọba tó rán an níṣẹ́ kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó béèrè ìwé rẹ̀ padà, wọ́n ní àwọn ti ba á jẹ́. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ìbá jẹ́ ìwé yẹn yè, kò sí ẹni tí ìbá máa pe ọdún 1940 ní ìbẹ̀rẹ̀.

Owó-ọ̀yà àti owó-oṣù nìkan ni ìkànìyàn ọdún 1940 tilẹ̀ béèrè iye rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ta òwú ara rẹ̀ kàn sọ bóyá ohun tó rí níbòmíràn tó 50 dọ́là ni. Ọdún 1950 ni wọ́n tó béèrè owó oko, lọ́wọ́ ẹnì kan nínú márùn-ún. Láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ owó orí àti ti ìrànwọ́ oúnjẹ díwọ̀n owó àárín káúńtì kọ̀ọ̀kan, ìwádìí ọdọọdún tí ilé iṣẹ́ ìkànìyàn ń ṣe sì kárí orílẹ̀-èdè láti ọdún 2005. Níwọ̀n bí àwọn ará Prince Edward kò ti tó 65,000, iye tí ìwádìí náà fi ṣe ààlà fún ìṣirò ọdún kan, ìdáhùn ọdún márùn-ún ni ìwádìí yìí ń pa pọ̀ kí ó tó rí nọ́ńbà kan fún wọn.