Ọgbọ́n Ọwọ́ Ni Ìfọwọ́ra

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá gba ìfọwọ́ra (massage) ló máa ń sọ pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa o, bí kò bá dùn mí, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn." Àwọn Gíríìkì ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn tí wọ́n fi orúkọ Hippocrates, oníṣègùn wọn àtijọ́, pè, wọ́n kọ ọ́ pé ìfọwọ́ra líle ń mú ara le, èyí tó rọ̀ ń dẹ ara, àti pé ọwọ́ kan náà lè mú oríkèé tó tú fún, kó sì tú èyí tó gan.

Àwọn Gíríìkì kọ́ ló dá ìfọwọ́ra sílẹ̀ o. Ní Íńdíà, òróró yànmọ̀tí tí wọ́n yá lórí iná wà lára ìtọ́jú Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, láti ayé àtijọ́. Ní Ṣáínà, nígbà tí ìdílé ọba Tang ń jọba, àwọn olùkọ́ ìfọwọ́ra wà nínú iléeṣẹ́ ìṣègùn ọba.

Ti Japan ló wù mí jù. Láyé tí wọ́n ń pè ní Edo níbẹ̀, láàárín 1603 sí 1868, iṣẹ́ afọ́jú ni wọ́n mọ ìfọwọ́ra tí wọ́n ń pè ní anma sí. Sugiyama Waichi, tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré, di oníṣègùn tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ara láti wò ó sàn, ó tọ́jú Tsunayoshi tó jẹ́ ṣógùn, ìyẹn olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú bíi tirẹ̀. Títí dòní, wọ́n ṣì ń kọ́ iṣẹ́ yìí níléèwé àwọn afọ́jú níbẹ̀, ìjọba ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Kò yà mí lẹ́nu: ibi tí iṣan ti so kókó, ìka ló ń rí i, ojú kì í rí i.

Ní Yúróòpù, Ling ará Sweden ni wọ́n sábà máa ń gbé oríyìn fún lórí ìfọwọ́ra. Àmọ́ ìdárayá ni iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an. Mezger, dókítà ará Netherlands, ló to oríṣiríṣi ọ̀nà ìfọwọ́ra tí à ń lò lónìí.

Nígbà tó yá, àwọn ilé aṣẹ́wó ní London bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìfọwọ́ra bojú. Ní 1894, nọ́ọ̀sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yẹn ló di ti àwọn oníṣẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara, ní Britain. Òfin wọn nígbà náà le: láìsí àṣẹ dókítà, ẹnikẹ́ni wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ra fún aláìsàn.

Lójú tèmi, òfin yẹn ṣì wúlò. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó sì ń dunni, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìfọwọ́ra sì lè ṣí i nídìí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.